Ǹjẹ́ ó yẹ kí olórin máa kọrin ní gbọ̀ngàn ìlú kékeré?

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Bí a bá mú Ararọ̀mí-Òwu ṣe àpẹẹrẹ, ìlú àgbẹ̀ tí kò jìnnà sí Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a ó rí i pé kò sí ọjọ́ kan tí ará ìlú kì í gbọ́ orin. Rédíò ń kọ ọ́, fóònù ń kọ ọ́, ọkọ̀ akérò pàápàá ń kọ ọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó ti jókòó rí níwájú ẹni tí ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ hun orin, tí ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn? Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí irú olórin bẹ́ẹ̀ máa wá sí gbọ̀ngàn ìlú kékeré, kí ará ìlú sì máa san owó ìwọlé láti gbọ́ ọ.

Ní àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn ń gba olórin lọ́wọ́ olówó kan ṣoṣo. Ní òde àríyá, olówó ni ó ń pe olórin; òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Olórin yóò kì wọ́n, yóò kì bàbá wọn, yóò sì gbé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó sọ mì. Àwa tí a wà nítòsí Ìkirè mọ dòdò dáradára, a sì mọ òwe rẹ̀: ẹnu tí ó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ní gbọ̀ngàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń san owó kékeré kékeré. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè pàṣẹ pé kí a yin òun. Nígbà náà ni olórin lè kọrin nípa ọ̀nà tí ó bàjẹ́, nípa ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n èké ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, àti nípa ọmọ tí ó gbàgbé òbí rẹ̀ sí abúlé.

Hubert Ògúndé jẹ́ ẹ̀rí fún wa. Ọmọ Òsòsà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1944 ni ó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Lẹ́yìn náà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń gba owó ìwọlé. Nígbà tí ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gún àwọn olóṣèlú lára, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjọba ológun ni ó gbé òfin náà kúrò ní 1966. Bí orin inú gbọ̀ngàn kò bá ní agbára, kí ni ìjọba ń bẹ̀rù?

Lọ́nà kejì, gbọ̀ngàn kékeré ń kọ́ ènìyàn láti fi etí sílẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ni a ti gbọ́ àwo orin Jim Reeves, olórin kọ́ńtírì ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1964. Orin rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n a kò lè bi àwo ní ìbéèrè. Ní Nashville, ìlú tí orin kọ́ńtírì fi ṣe ibùjókòó, ilé oúnjẹ kékeré kan wà tí a ń pè ní Bluebird Cafe. 1982 ni wọ́n ṣí i. Ìjókòó inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 90 lọ. Àwọn tí wọ́n hun orin gan-an ni wọ́n ń jókòó kọ ọ́ níbẹ̀, a sì ń bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n dákẹ́. Bí ìlú olórin bẹ́ẹ̀ bá mọ iyì yàrá kékeré, kí ni ó dé tí àwa fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú gbọ̀ngàn wa?

Àwọn kan lè sọ pé ebi yóò pa olórin níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ ogún ènìyàn tí ó ru ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá kò lè rí èrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní gìtá kan àti onílù méjì lè rí i. Ká ní 200 ènìyàn san ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, ₦200,000 ni. Bí ó bá kọrin ní Ararọ̀mí-Òwu ní ọjọ́ Ẹtì, ní Àpòmù ní ọjọ́ kejì, àti ní Ìkirè ní ọjọ́ kẹta, ó di ₦600,000. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn mìíràn yóò ní àgbẹ̀ kò ní owó lọ́wọ́ ní ìgbà gbogbo. Èyí náà tọ́; nítorí náà, kí a fi eré sí ìgbà tí a bá ta kòkó tán, kí ọmọ ilé-ìwé sì máa san ìdajì.

Ní ìparí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ogun Òwu jà ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ìjà ọjà Àpòmù sì wà lára ohun tí ó dá a sílẹ̀. Ta ni yóò fi orin sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa bí kò bá ṣe ọmọ àdúgbò? Kí àwọn baálẹ̀, àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tún gbọ̀ngàn ṣe, kí wọ́n sì ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ ní oṣù méjì-méjì. Ìlú tí kò bá fi owó tirẹ̀ gbọ́ orin, orin ẹni tí ó bá san owó ni yóò máa gbọ́.