Ẹ̀sọ̀ Níwájú Aago

Òwe kan wà tí àwọn àgbà kì í sábà pa fún ẹni tó ń lọ́ra. Ọmọ tó fẹ́ kọ́lé kó tó gba owó oṣù kejì, ọ̀gá tuntun tó ń jágbe mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan tún ìwà ọkọ rẹ̀ ṣe: irú wọn là ń sọ fún pé, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Ó ti wọ̀ wá létí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi gbà pé "má kánjú" ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní "má kánjú" lásán ni, eré ìdárayá kan wà tí wọ́n ń ṣe ní Houston níhìn-ín tí ì bá ti sọ òwe náà di ọ̀rọ̀ asán, nítorí pé níbẹ̀, ẹni tó bá lọ́ra, aago yóò jẹ máàkì rẹ̀ tán lójú rẹ̀.

Ìdíje ìbọn ìléwọ́ ni mò ń sọ, irú èyí tí òǹdíje ń rìn, tó ń sáré, tó ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pákó, tó sì ń yìnbọn lọ. Practical shooting ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1976, àwọn tó fẹ́ràn eré náà láti orílẹ̀-èdè mélòó kan pàdé nílùú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri, wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé IPSC sílẹ̀, wọ́n sì fi Jeff Cooper, ọ̀gá ológun Marine tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. USPSA, ẹgbẹ́ tó ń darí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dé ní 1984. Ọ̀rọ̀ Látìn mẹ́ta ni wọ́n fi ń júwe eré wọn: Diligentia, Vis, Celeritas. Ìpéye, agbára, ìyára. Àbí ẹ ò rí nǹkan, agbára tí òwe wa ń bá wí ló jókòó sáàárín yẹn! Àmọ́ agbára ọta ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe ti ẹni tó ń yìn ín. Wọn a máa wo bí ọta ṣe wúwo tó àti bí ó ṣe ń yára tó, ẹni tí tirẹ̀ bá lágbára jù a sì rí máàkì díẹ̀ gbà sí i nígbà tí ọta bá yẹ̀ kúrò láàárín gbùngbùn.

Páálí ni wọ́n ń yìn, tí wọ́n gé ní ìrísí orí àti àyà ènìyàn. Ìlà tín-ín-rín pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Fún ẹni tí ọta rẹ̀ kò lágbára púpọ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ ń lò, A tó wà láàárín jẹ́ máàkì 5, C jẹ́ 3, D jẹ́ 1. Ọta tó bá ṣìnà tí kò ba páálí rárá, máàkì 10 ló ń gbà kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ṣe ìṣirò tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu: wọn yóò fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí òǹdíje lò pín iye máàkì tó kó jọ. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí.

Ẹ jẹ́ ká fi El Presidente wò ó, ìdánwò àtijọ́ kan tí Cooper fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Páálí mẹ́ta wà ní yáàdì 10. Òǹdíje kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí wọn pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Bí aago bá dún, á yíjú padà, á fa ìbọn yọ, á yin páálí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, á pààrọ̀ ilé ọta, á tún yin ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọta 12, máàkì 60 bí gbogbo rẹ̀ bá wọ A. Ká ní akọ́ṣẹ́ mẹ́ta ló ṣe é. Ẹni àkọ́kọ́ rọra ń wò, ó rọra ń yìn, gbogbo ọta rẹ̀ wọ A, àmọ́ ó lo ìṣẹ́jú àáyá 15. Ó gba 4. Ẹni kejì já lu iṣẹ́ náà, ó parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8: A mẹ́rin, C mẹ́rin, D méjì, ọta méjì wọ inú òkìtì yẹ̀pẹ̀. Máàkì 34 di 14 nígbà tí wọ́n yọ ìtanràn, ó sì gba 1.75. Ẹni kẹta lo ìṣẹ́jú àáyá 9, ó rí A mẹ́jọ àti C mẹ́rin, ìyẹn 52. Tirẹ̀ lé díẹ̀ ní 5.7.

Ohun tó yẹ ká wò níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹni kejì àti ẹni kẹta. Kì í ṣe ìyára ló pa ẹni kejì. Ẹni àkọ́kọ́ tó rò pé òun ń pa òwe àgbà mọ́, òun náà kò borí. Ẹni tó yára tí ara rẹ̀ kò le, tó ń yìn bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí, tí kò fipá mú ọta kankan jáde kó tó rí ibi tó ń lọ, òun ló mú ipò kìn-ín-ní. Àwọn méjì yòókù, ẹ̀rù ló ń darí wọn: ọ̀kan ń bẹ̀rù kí ọta má ṣìnà, ìkejì ń bẹ̀rù aago.

Ibo wá ni agbára ti ń wọlé? Irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, tírígà, ibẹ̀ ni. Ìbọn á dún, á sì ta sókè lọ́wọ́ ẹni. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ara ti mọ̀ pé ariwo ń bọ̀, á sì fẹ́ kojú rẹ̀ kó tó dé. Ìka á já tírígà gbà bí ẹni tó ń já ọsàn tí kò tíì pọ́n, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ síwájú, ẹnu ìbọn á sì ti wolẹ̀ kí ọta tó jáde. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á máa rí ihò rẹ̀ nísàlẹ̀ páálí lápá òsì, á sì máa sọ pé ìbọn náà ló wọ́. Ìbọn kò wọ́. Ọ̀nà kan wà láti fi hàn án láìjiyàn: kí ẹlòmíràn bá a kó ọta, kí ó sì fi ọ̀kan tàbí méjì tí kò ní ẹ̀tù nínú sáàárín wọn láìsọ ibi tó fi wọ́n sí. Nígbà tó bá kan ọta òfo yẹn, ìbọn á dún kẹ́ lásán, kò ní ta sókè, síbẹ̀ gbogbo ayé á rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tẹrí ba. Ọkùnrin tó ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta pé òun mọ ìbọn yìn kì í fẹ́ràn ìdánwò yìí rárá.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nílùú wa yìí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò sì dè lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀, ní ilé, ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 kò fàyè gba aráàlú láti ní in láìsí ìyọ̀ǹda Ààrẹ. Ẹni tó kúrò lábẹ́ òfin kan bọ́ sábẹ́ èkejì lè rò pé rírà ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kí n sì yára sọ èyí: akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò tó wà lórí físà, tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà á láyè láti di ìbọn tàbí ọta mú, àfi bí ó bá wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ pápá ìyìnbọn lọ fi ìbọn yíyá dánra wò. Kí ó kọ́kọ́ bi lọ́yà.

Àwọn ọdẹ ilé wa mọ ìdí òwe yìí láìsí aago. Ìbọn ṣakabùlà, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, á ki ọta, á fi ọ̀pá gún un kó le, bí ó bá sì tàsé, ìgalà á ti rìn jìnnà kó tó tún un kì. Ìdí nìyí tí kò fi lè yìn ín tìpátìpá. Síbẹ̀, ta ló rí ọdẹ gidi tó lọ́ra? Bí ewé bá mì, ojú rẹ̀ ti débẹ̀, ìbọn ti wà léjìká, ohun tó kù ni kí ó mọ̀ dájú pé ẹran ni, kì í ṣe ènìyàn. Ìdíje Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀: láàárín páálí àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n máa ń fi páálí mìíràn, tó sábà máa ń funfun, sí ibi tí ojú kánjú kò ní tètè rí i. Ọta tó bá bà á, máàkì 10 ló ń gbà kúrò.

Houston tilẹ̀ ti rí ẹni tó fi ara ṣàlàyé òwe yìí ju bí èmi ṣe lè fi ẹnu ṣe é lọ. Hakeem Ọlájùwọ́n dé University of Houston láti Èkó lọ́dún 1980, kò sì tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tó ti ń ṣọ́ ilé, ló ti kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á lọ sí Fonde Recreation Center nítòsí àárín ìlú, Moses Malone, àgbà òṣèré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, á sì máa fi ara gún un níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń fi agbára lù bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ fi agbára san án. Ọlájùwọ́n kọ́ bí a ti ń yí padà dípò kí a máa tì. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995, àwọn tó ga tí wọ́n sì tóbi ju òun lọ ń fò sókè níbi tí kò sí mọ́. Ó yára gan-an, àmọ́ ẹ ò ní rí ibi tó ti ń fipá mú nǹkan.

Bí a bá padà sọ́dọ̀ akọ́ṣẹ́ wa, ilé ni yóò ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sọ̀ tó ń wá, láìyin ọta kan. Kí ó yẹ ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì pé ó ṣófo, kí ó kó gbogbo ọta sí yàrá mìíràn, kí ọmọdé má sí nítòsí, kí ó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibi tó dojú ìbọn kọ. Ògiri inú ọ̀pọ̀ ilé Amẹ́ríkà kò nípọn; kò lè dá ọta dúró, aládùúgbò sì wà lódìkejì. Lẹ́yìn náà ni kó máa fa ìbọn yọ nínú àpò, kó máa pààrọ̀ ilé ọta òfo, kó máa fa tírígà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ẹni tó bá ń náwó sórí ìbọn olówó ńlá, tó ń ra awò ìfojúsùn alámì pupa àti irin aláràbarà nígbà tí kò tíì ṣe èyí, agbára owó lòun náà ń lò. Ìbọn 9mm lásán, àpò líle tó bo tírígà, ìgbànú tó dúró dáadáa, ilé ọta mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohun ìdítí àti awò ìdáàbòbò ojú ti tó fún ọdún kìn-ín-ní.

Lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́, kó gbàgbé ipò. Kó bá wọn lẹ ihò páálí, kó wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń rìn yí ibẹ̀ ká kí wọ́n tó yìn, tí wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń pinnu ibi tí wọn yóò ti pààrọ̀ ilé ọta. Kí ó sì mọ̀ pé bí ẹnu ìbọn bá yí kọjá ìdajì òbíríkítí lọ sẹ́yìn, tàbí kí ìbọn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí ìka rẹ̀ wà lórí tírígà nígbà tó ń sáré, wọn ò ní ṣàríyànjiyàn: ìdíje ọjọ́ náà ti tán fún un nìyẹn. Aago ló sábà máa ń fa gbogbo rẹ̀.

Ibì kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ fi òwe náà sílẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ òsì akọ́ṣẹ́, bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kò gbọ́dọ̀ rọ̀. Òun ló ń dá ìbọn padà sójú kan náà lẹ́yìn tó bá ta sókè, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fún un pa gan-an. Ìka ọ̀tún tó ń fa tírígà nìkan ló gbọ́dọ̀ lọ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí òsì bá ti fún, ọ̀tún náà á fẹ́ fún, yíya ọwọ́ méjì yìí sọ́tọ̀ sì lè gba oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, kó fi owó ẹyọ kékeré kan, dáìmù, lé orí ìbọn òfo níwájú, kó fún ọwọ́ òsì pa bó ṣe lè pọ̀ tó, kó wá fa tírígà títí yóò fi dún kẹ́. Bí owó náà bá já bọ́, kó má bá ọwọ́ òsì wí.