Níbo Ni Ó Yẹ Kí Agogo Ìkìlọ̀ Ti Dún?

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí arọ bá gba ìkìlọ̀ náà gbọ́ ni. Ogun tí wọ́n ń kéde láàárọ̀ lálẹ́ tí kò dé, ta ni yóò dìde nítorí rẹ̀?

Àwa tí a ń gbé ní Onitsha mọ ohun tí à ń wí. Odò Ọya kún bo ilé ní 2012, ó tún kún bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 yẹn, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní Ogbaru nítòsí wa, ènìyàn tó lé ní 70 sì bá a lọ. Kí omi tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gba Lọ́kọ́jà kọjá. Ṣé iye mítà tí wọ́n kà lára òpó ìwọnmi ní Lọ́kọ́jà nìkan ni a ó wá fi sọ fún ará Onitsha pé kó kó ẹrù? Rárá o. Odò kan náà ni, ṣùgbọ́n bèbè ọ̀hún kọ́ ni bèbè ibí.

Ohun tí a fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń fi Java kọ ètò kọ̀ǹpútà sọ nìyí. Bí a kò bá dá iye kan fún ètò Java, ìdá kan nínú mẹ́rin ìrántí ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń fi ṣe òkè àyè rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ onígígábáìtì 8, 2 ni. Lórí ti 32, 8 ni. Bí a bá ní kí agogo dún ní ìdá 80 nínú 100 lórí méjèèjì, 0.4 ló kù fún ti àkọ́kọ́, 1.6 ló kù fún èkejì. Iye kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀.

Java kì í sì í gbálẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ kí pàǹtí kún dé 90 kó tó gbá a, kó sì wálẹ̀ sí 40. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbígbá ni kí a máa ṣọ́. Bí ìyẹn bá ń gòkè sí i lójoojúmọ́, ewu ń bọ̀.

A ti jẹ̀bi rí. Iye tí a fi dán ètò oníṣòwò kan wò lórí kọ̀ǹpútà tiwa náà ni a gbé lọ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Fóònù wa ń dún tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ kẹrin, a pa ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àyè tán lóòótọ́, oníbàárà ló wá sọ fún wa, títà ọjọ́ kan sì ti bọ́.

Èrò wa ni pé kí a kọ́kọ́ ṣọ́ ibi kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ tí ọwọ́ dí àti ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, kí a tó dá iye fún un. Ní ibi ìdánwò, kí ìkìlọ̀ dúró di àárọ̀. Ní ibi tí iṣẹ́ gidi ti ń lọ, kí agogo jí ni nígbà tí ara bá ń ni àwọn tó ń lo ètò náà, tí kò sì tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Agogo tí kò sí ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ lè ṣe sí i, ẹ yọ ọ́.

Àwọn kan yóò ní iye kan ṣoṣo rọrùn. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlú onílùú ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.