Ìkéde Tí Ṣómólú Gbọ́ Ṣùgbọ́n Tí Kò Kà

Ní ọjọ́ 26, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2022, Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà, kéde pé igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà yóò pààrọ̀ àwọ̀, àti pé kò sẹ́ni tí yóò lè ná àwọn ti àtijọ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2023. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ló wà láàrin ìkéde náà àti gbèdéke rẹ̀. Gbogbo Ṣómólú ló gbọ́. Àwọn tó jókòó fi ìkéde náà ṣe ìṣirò iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò pọ̀.

Bẹ́ẹ̀, bí ibì kan bá wà ní ìpínlẹ̀ Èkó tó yẹ kó ṣe é, Ṣómólú ni. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni. Láti Ṣípéolú dé Bájùláyé, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìbò ààrẹ sì ń bọ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù Èrèlè, àkókò ìbò ni ìkórè atẹ̀wé: àwòrán olóṣèlú, ìwé pélébé, fìlà, súwẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìkórè dé, owó ti wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń gé bébà, àwọn tó ń ká a, àti àwọn tó ń fi ọmọlanke kó o lọ fún oníbàárà, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, owó ojúmọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ọjọ́ 3, oṣù Ẹrẹ́nà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Ìbò ààrẹ ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́fà.

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n gba ènìyàn sí iṣẹ́ láti máa mójú tó ewu. Iṣẹ́ ẹni náà kì í ṣe iṣẹ́ wòlíì. Ìwé ló ń kà. Ó ń ka àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ bá gbé jáde, ó ń ka ti àjọ NERC tó ń mójú tó iná mànàmáná, ó ń ka àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àjọ NiMet máa ń gbé jáde lọ́dọọdún, ó ń pe àwọn tó ń kẹ́rù wọlé ní èbúté, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni yóò dá wa dúró lóṣù tó ń bọ̀? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ẹni tí yóò gbọ́ fún un.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ bébà. Òkè òkun ló ti ń wá, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku Iboku kò lè bọ́ orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ 14, oṣù Òkúdu, ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi N470 kọjá N1,500 kí oṣù Èrèlè ọdún 2024 tó parí. Atẹ̀wé tó ti gba àsansílẹ̀ kàlẹ́ńdà wá rí i pé gbogbo owó ọwọ́ òun kò ra bébà lásán. Oníbàárà ní àdéhùn ni àdéhùn. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀bi atẹ̀wé sì wà níbẹ̀, nítorí kò kọ ọ́ sínú ìwé iye owó rẹ̀ pé iye náà kò ní í kọjá ọjọ́ márùn-ún. Gbólóhùn kan péré, kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ewu ló ń kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí NERC kéde rẹ̀ gan-an, 3 oṣù Igbe 2024, ni owó iná àwọn oníbàárà Band A fò láti N68 sí N225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí. Ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 14, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, já lábẹ́ òkun ní agbègbè Côte d'Ivoire, owó sì kọ̀ láti rìn láti báńkì kan sí òmíràn. Ta ni ì bá sọ tẹ́lẹ̀? Irú èyí, ìmúrasílẹ̀ ló ń bójú tó o: àkáǹtì ní báńkì méjì, owó díẹ̀ nínú àpótí, iṣẹ́ oníbàárà tó wà ní ìpamọ́ níbi tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti omi yàtọ̀, nítorí omi ní àsìkò. Ní Bàrígà, pàápàá níhà Ìlàjẹ tó kọjú sí ọ̀sà, ẹni tó bá to bébà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà òjò ń bá ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bébà tí omi bá ti bà jẹ́, alákàrà pàápàá kò ní í gbà á.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó ń wá oúnjẹ òní kò ráyè ka ìwé ìjọba. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ní kí ọ̀gá ẹlẹ́rọ kan ṣoṣo máa dá a kà. Àmọ́ àwọn atẹ̀wé ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ a máa ṣèpàdé, a máa gba owó oṣù, a máa rán aṣọ àjọwọ̀ nígbà ayẹyẹ. Nínú owó náà, a lè yọ díẹ̀ fún ọ̀dọ́ kan tó kàwé, Yunifásítì Èkó ò kúkú jìnnà, kí ó máa ka àwọn ìkéde wọ̀nyí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa fi Yorùbá tó já gaara sọ ohun tó wà níbẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn amòfin ni wọ́n fi ń kọ ìkéde wọ̀nyẹn, ohun tó jẹ́ kí wọ́n fò wá kọjá nìyẹn.

Ìbò ọdún 2027 ti ń súnmọ́lé. Àwọn olóṣèlú yóò tún gbé iṣẹ́ wá sí Ṣípéolú, ọ̀pọ̀ wọn yóò sì fẹ́ gbà á láwìn. Títí di àsìkò yìí, kò tíì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún àwọn atẹ̀wé ohun tí Báńkì Àpapọ̀ kọ lánàá.