Ẹ̀yin Ọmọ Wa Lókè Òkun, Ẹ Rántí Oko

Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun lọ́dún 2023 lé ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Èyí tó bá oúnjẹ àti owó iléèwé lọ, kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí sí i. Ìyókù tí a fi ń kọ́ ilé ńlá tẹ́nì kan ò gbé ló ń dùn wá.

Ẹ wo ibi tí owó náà ti lè wúlò: ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ lóko wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ń bàjẹ́. Bí ọkọ̀ ò bá rí ọ̀nà wọlé nígbà òjò, iye tó wu oníbàárà ni àgbẹ̀ máa gbà. Irú ẹ̀gẹ́ tó dára ò jìnnà. Akínyẹlé náà ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, wà láti 1967. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ nítòsí oko, omi tó mọ́ àti afárá kékeré ló kù.

Ọ̀nà láti rí owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ní Mẹ́síkò, bẹ̀rẹ̀ láti 2002, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Amẹ́ríkà bá dá owó kan fún iṣẹ́ ìlú, ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ á fi iye kan náà kọ̀ọ̀kan kún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é kí ó tó dópin.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé irú ètò yìí kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dáwó jọ lórúkọ abúlé yín, kí ẹ sì béèrè ìṣirò owó náà.