Ara Yàtọ̀ sí Ìhòòhò

Àwọn kan ń sọ pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ Yorùbá máa wo fíìmù tí kò ní ìtàn, tó jẹ́ pé ara ènìyàn nìkan ni kámẹ́rà ń wò. Wọ́n ní ìwòkuwò ni, pàápàá ní Sókótó níbi tí a ti jẹ́ àlejò. A gbà pé àlejò gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún onílé. Ṣùgbọ́n ta ló ní ọ̀kan náà ni ara àti ìhòòhò?

Ẹ wo iṣẹ́ Wura-Natasha Ogunji, ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, òun àti àwọn obìnrin mìíràn bo ojú bí egúngún, wọ́n so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ ọ nílẹ̀ gba ìgboro Èkó kọjá. Aṣọ wà lára wọn. Ìbéèrè ni orúkọ iṣẹ́ náà: ṣé n óò ṣì máa ru omi nígbà tí mo bá di òkú?

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1945, Maya Deren ya oníjó aláwọ̀dúdú kan, Talley Beatty, ní Amẹ́ríkà. Inú igbó ló ti gbé ẹsẹ̀ sókè, inú yàrá ló gbé e kalẹ̀ sí.

Ẹlòmíràn yóò ní, kí ló wà nínú omi rírù tí a ó fi yà á sí fíìmù? Ìdáhùn wa ni pé ohun tí a bá ń rí lójoojúmọ́, a kì í wò ó mọ́. Ní Gidan Igwai níbí, mẹ́ruwà ń ti ọmọlanke kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Iye tó ń ta kẹ́ẹ̀gì là ń bi í, a kì í wo orúnkún rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì ń ṣe àríyá, ta là ń rán lọ pọn omi? Ṣebí àwọn arábìnrin wa ni!

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sí ètò. Kí wọ́n yọ èyí tó lè bí onílé nínú kúrò, kí tọkùnrin tobìnrin jọ wò ó, kí a sì jọ jiyàn lé e lórí. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ wa, ó ti tó àkókò kí ẹ̀yin náà gbé kẹ́ẹ̀gì.