OHUN ÀTIJỌ́ NÍ ETÍ ÒKUN

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ará wa ní Abereke àti ní etíkun Ìlàjẹ gbogbo, nítorí pé òkun ń gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ ni etíkun náà, kì í ṣe iyanrìn, ìgbì kì í sì í pẹ́ gé e. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, ilé, ilé ìwé àti itẹ́ òkú ti bá omi lọ.

Ẹni tí ń sá fún omi kò lè kó ohun gbogbo. Ilé kò ṣeé gbé sínú ọkọ̀, ilẹ̀ baba ẹni kò sì ṣeé ká bí ẹní. Àwọn nǹkan kékeré ni ó ń bá ni lọ: àjẹ̀ tí baba fi tukọ̀, ẹní tí ìyá hun, fìtílà, àwòrán ìgbéyàwó tí omi iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́. Lọ́jà, wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn sínú yàrá tí a háyà ní Igbókòdá, ọkàn a balẹ̀ díẹ̀, nítorí pé wọ́n ń rán wa létí pé a ní ibi tí a ti wá.

Ẹlòmíràn lè wí pé àjẹ̀ ògbólógbòó kò lè dá òkun dúró. Òtítọ́ ni. Iṣẹ́ ìjọba ni láti dáàbò bo etíkun, a kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Láti 2004 ni a ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò jáde, ṣùgbọ́n omi kò dúró. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ohun ìrántí lọ́wọ́ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wí pé kò sí ìlú níbẹ̀ rí.

Ewu kan ṣẹ́kù. Ohun àtijọ́ kò lè fọhùn fúnra rẹ̀. Bí àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀ bá ti kọjá lọ, àjẹ̀ a di igi ìdáná, àwòrán a sì di ti ẹni tí a kò mọ̀. Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa, nílé àti níbi gbogbo tí òwò gbé yín dé: ẹ jókòó ti àwọn òbí yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ni nǹkan wọ̀nyí, ilé tí wọ́n ti wà, àti ọdún tí a rà wọ́n. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán. Ẹ kọ ti ìyókù sínú ìwé kan. Ẹ má ṣe tà wọ́n fún àwọn tí ń ra pàǹtí. Bí ilẹ̀ tilẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ bá a lọ.