Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Èsì Wa fún Àwọn Tó Ń Fi Òwe Yìí Pa Wá Lẹ́nu Mọ́

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ojú ìwé méjì wá fún ìwé ìròyìn yìí. Ó ti lọ sí òde orin àwọn onígìtá kan ní Àjàṣẹ́, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀: ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣeré, orin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi parí, ìgbà tí iná lọ, àti bí onílù ṣe ń lù nìṣó nínú òkùnkùn. Kí a tó ka ìwé náà tán ni àgbà kan ti sọ pé: "Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orin náà ṣe rí, kó lọ síbẹ̀. Ìwé ìròyìn àṣà kì í ṣe ibi tí ọmọdé ti ń ròyìn fàájì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ká ìwé rẹ̀ padà sínú àpò.

A bọ̀wọ̀ fún àgbà náà, ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òótọ́ ni òwe tó pa. Ibi tó pa á sí ni kò tọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé òde orin lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ni ká wá sọ fún ẹni tó wà ní Ìdàṣà nígbà tí orin ń lọ ní Àjàṣẹ́? Kí ni ká sọ fún ọmọ tí a kò tíì bí? Àwọn baba wa ti pa òwe mìíràn nítorí irú wọn: bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ohun tí a fẹ́ sọ nìyí: ẹni tó fẹ́ràn orin, tó sì gbọ́ ọ lójúkorojú, ti jẹ gbèsè. Gbèsè náà ni pé kó ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ní kíkún, láìpurọ́, àti láìgba owó.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àlá là ń lá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti ṣe é. Ní ọdún 1965 ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ Grateful Dead bẹ̀rẹ̀ ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Títí di ọdún 1995 tí Jerry Garcia, onígìtá wọn, fi kú, wọ́n ṣeré ní bí ìgbà 2,300. Bí wọ́n ṣe to orin lálẹ́ àná kọ́ ni wọn yóò ṣe tò ó lónìí. Orin kan náà lè kúrú ní ìlú kan, kó sì gùn títí ní ìlú kejì, nítorí pé ojú agbo ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí orin náà yóò gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra àwo wọn tó gbé e sílé kò tíì gbọ́ wọn tán.

Àwọn olólùfẹ́ wọn ló tètè lóye èyí. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí òde orin. Bí wọ́n bá dé ilé, wọn a kọ ọjọ́, ìlú, ilé eré àti orúkọ orin kọ̀ọ̀kan sára páálí kásẹ́ẹ̀tì, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ní 1971, Les Kippel dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní New York fún ṣíṣe pàṣípààrọ̀ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ní 1974, ìwé ìròyìn Dead Relix jáde láti inú iṣẹ́ yìí. Ní 1987, àwọn olólùfẹ́ mìíràn tẹ ìwé DeadBase, níbi tí wọ́n ti to orin alẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ, ọdún tẹ̀lé ọdún. Ẹni tó jẹ́ àlejò nínú wọn, tí kò ní ohun tí yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀, a máa fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ránṣẹ́ pẹ̀lú owó ìfìwéránṣẹ́ nìkan. Ẹni tó ní i a sì da orin náà sínú rẹ̀ fún un. Ní 1984, ẹgbẹ́ olórin náà fúnra rẹ̀ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn agbohùnsílẹ̀ yìí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń darí ohùn. Òfin ńlá kan ló de gbogbo wọn: kí ẹnikẹ́ni má tà á.

Ẹ wo ohun tí ìṣe yìí bí. Ní alẹ́ 8 Oṣù Karùn-ún, 1977, wọ́n ṣeré ní Barton Hall, gbọ̀ngàn kan ní yunifásítì Cornell, ní ìlú Ithaca. Yìnyín bọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù karùn-ún ni. Obìnrin kan tó ń bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́, Betty Cantor-Jackson, gba ohùn eré náà sílẹ̀. Bí ẹ̀dà rẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ìròyìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, títí tí ẹni tí kò tíì délé ayé ní 1977 fi mọ̀ pé ní apá kejì eré náà ni wọ́n so "Scarlet Begonias" mọ́ "Fire on the Mountain" láìdúró. Nígbà tó yá, Library of Congress, ilé ìkàwé àgbà ti Amẹ́ríkà, fi ohùn alẹ́ náà kún àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ tọ́jú, nínú àkójọ ti ọdún 2011.

Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ náà ń bá ara wọn jiyàn bóyá alẹ́ yẹn ló dára jù lọ. Iyàn yìí gan-an ni a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Láàárín wọn, ẹni tó bá ní òmíràn dára jù ú lọ kò lè fi ariwo borí. Wọn yóò bi í pé: alẹ́ wo? ìlú wo? orin wo? Bí kò bá lè dáhùn, kó jókòó. Ṣé eré ọmọdé nìyẹn? Ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ni olùkọ́ ìtàn ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, kò kàn wá. A bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajido nítòsí Àgbádárìgì, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950 láti kẹ́kọ̀ọ́. Àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní 1960, pẹ̀lú orin Yorùbá nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Santana, àwọn onírọ́ọ̀kì, mú "Jin-Go-Lo-Ba" láti inú àwo náà, wọ́n sì fi sínú àwo tiwọn ní 1969. Mickey Hart, onílù Grateful Dead, gba Olatunji ní olùkọ́; ó pè é kó wá ṣí agbo fún wọn ní Oakland, ní alẹ́ 31 Oṣù Kejìlá, 1985. Ìlù tó ti etí òkun wa lọ ló dún lálẹ́ yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá béèrè alẹ́ náà lónìí yóò rí ọjọ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, nítorí pé àwọn kan kà á sí ohun tó yẹ ní kíkọ. Bí ọmọ Olatunji mìíràn bá ṣeré ní Pọ́bẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ni yóò kọ ọ́?

Ẹlòmíràn yóò ní ayé ti yí padà: fóònù wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù, kí la tún ń kọ̀wé sí? Ẹ dákun, ẹ ṣí fóònù yín wò. Fídíò mélòó ló wà níbẹ̀ láti òde orin ọdún tó kọjá? Ta ló ń kọrin nínú èyí àkọ́kọ́? Ìlú wo ni? Ṣé orin ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí ti ìkẹyìn? Ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré ni. Orí ẹni tó dúró níwájú bo onílù mọ́lẹ̀. Ariwo ẹni tó gba fídíò náà sì bo orin. Bí fóònù bá kún lọ́la, a ó pa á rẹ́. Àwòrán tí kò ní orúkọ kò yàtọ̀ sí ọmọ tó sọnù lọ́jà: ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò lè júwe ilé baba rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta tí a bá kọ tẹ̀ lé e ni yóò mú un délé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ilé wa. Ní 1968 ni Orchestre Poly-Rythmo bẹ̀rẹ̀ ní Kutọnu, lábẹ́ Mélomé Clément. Wọ́n po ìlù ilẹ̀ wa, sátò àti ti ilé vodun, mọ́ gìtá oníná. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Analog Africa, ní Frankfurt ti ilẹ̀ Jámánì, kó àwọn orin tí wọ́n ṣe láàárín 1972 sí 1975 jọ, tó sì gbé The Vodoun Effect jáde ní 2008, orí wa wú. Ṣùgbọ́n àwo ni àlejò lè kó jọ, nítorí pé àwọn kan tọ́jú àwo. Ta ni yóò kó àwọn alẹ́ jọ? Ẹ bi àwọn tó jó sí orin wọn nígbà náà. Wọn yóò ní: "Ó dùn, ọmọ mi, ó dùn kọjá sísọ." Alẹ́ wo? Ìlú wo? Orin wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń pin sí. Kì í ṣe pé ìfẹ́ wọn kéré sí ti ará Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́ ni. Bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá sì kú láìròyìn, àfojúbà rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀.

Kí a má tilẹ̀ gbàgbé pé àwa náà ti mọ ìṣe yìí rí. Ẹni tó bá mọ òwúrọ̀ lẹ́yìn alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu yóò jẹ́rìí sí i. Ilẹ̀ kò ní í tíì mọ́ dáadáa tí àwọn tó lọ yóò ti máa sọ fún àwọn tí kò lọ: orin tí Ẹ̀fẹ̀ kọ, ẹni tó fi orin bá wí, ibi tí àwọn ènìyàn ti hó yèè. Orin náà yóò dé oko, yóò dé ọjà, ẹni tí kò kúrò lórí ibùsùn yóò sì máa kọ ọ́. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá fún gbogbo ayé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ìròyìn òwúrọ̀ wà lára ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Kí ló dé tí ohun tó tọ́ fún Ẹ̀fẹ̀ fi di àbùkù nígbà tó kan gìtá?

A kò sọ pé kí ìṣe yìí máà ní ààlà. Ohun tí awo bá ní kí a má gbé jáde, kí a fi í sílẹ̀. Ohùn olórin náà kì í ṣe ti ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Grateful Dead pàápàá rí ìjà nípa èyí ní Oṣù Kọkànlá, 2005, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ní kí wọ́n dá gbígba orin lọ́fẹ̀ẹ́ láti Internet Archive dúró. Àwọn olólùfẹ́ bínú, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Níkẹyìn, èyí tí àwọn ará òde gbà sílẹ̀ di gbígbà padà. Èyí tó ti inú ẹ̀rọ àwọn olórin wá di gbígbọ́ nìkan. A rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀: kí a bi olórin kí a tó pín ohùn rẹ̀, kí a má sì fi í ṣòwò. Ṣùgbọ́n ohun tí etí ẹni gbọ́, tí ọwọ́ ẹni kọ, ta ni yóò fi í dù wá?

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ibi eré. Ẹ kọ orúkọ olórin, onígìtá àti onílù. Ẹ to orin bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí ohùn bá ya, ẹ kọ ọ́. Bí agbo bá tutù, ẹ kọ ọ́. Ìyìn lásán kì í ṣe ìròyìn. Ẹ má kàn sọ fún wa pé ó dùn. Ẹ sọ ohun tó mú un dùn. Ní Yorùbá tàbí ní Faransé, ojú ìwé kan tó.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ wa, mú ìwé rẹ padà wá. A ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin bàbá wa tó pa òwe lé e lórí, a kò ní í bá yín jà. Ẹ̀yin náà ti jó rí, kí gìtá tó di ohun tí ẹ ń pè ní fàájì ọmọdé. Ẹ ti rí àwọn alẹ́ tí ẹsẹ̀ wa kò lè gbé wa dé mọ́ láéláé. Ẹ̀yin lẹ ní àfojúbà. Ìròyìn rẹ̀ là ń tọrọ lọ́wọ́ yín, nígbà tí ẹnu yín ṣì wà láti sọ ọ́.